Ilé Tí Àrọ Kì Í Wọ̀, àti Àdúrà Tí Kò Ní Àmín

Rẹ̀mílẹ́kún ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí ní ìlú Berlin. Mo ti dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní fi orúkọ mìíràn bò ó. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ máa ń ka ọ̀rọ̀ mi níbí, ẹ fa àga yín súnmọ́ mi. Ohun tí ojú mi rí lẹ́nu àìpẹ́ yìí, láti Hamburg títí dé Tempelhof, ó ju ohun tí mo lè dá gbé sínú lọ.

Ẹ má wulẹ̀ sọ pé Ìyá Tíṣà tún ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́! Obìnrin tó ti fi ìtàn kọ́ àwọn ọmọ girama ní Iléṣà, tó tẹ̀lé ọkọ wá sí Germany, tó sọ ọkọ náà nù sínú ilẹ̀ tútù yìí, tó wá di arúgbó nínú ilé gogoro ní àdúgbò Märkisches Viertel, kí ló tún kù tí yóò máa bẹ̀rù?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ Rẹ̀mí fún yín.

Inú pálọ̀ mi ni ìjọ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, ẹ mọ ìwà wa: a kì í wọ bàtà wọ ilé àdúrà, obìnrin kì í sì í dé ibi pẹpẹ. Èmi àti ọkọ mi la tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn. Èmi ni mo rán aṣọ pẹpẹ àkọ́kọ́, aṣọ pẹpẹ tí mi ò lè fọwọ́ kàn mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ́ ẹ. Ọlọ́run kò fún mi ní ọmọ. Ìjọ yẹn ni mo bí.

Rẹ̀mí jẹ́ àbúrò mi nígbà náà. Kì í ṣe àbúrò inú ìyá o, àbúrò ìdálẹ̀ ni. "Ẹ̀gbọ́n mi" ló máa ń pè mí, a sì jọ ń jẹun nínú àwo kan. Nígbà tó dé sí ìlú yìí tí òtútù fẹ́ pa á, ẹ̀wù òtútù mi ló wọ̀. Mo mọ̀ pé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ìjọ dàgbà, tí a gba gbọ̀ngàn ní àdúgbò Tempelhof, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìpàdé gbogboogbò. Gbogboogbò wo? Àwọn ọkùnrin nìkan ló ń dìbò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le: ẹni tó bá gbà á dìde, ẹni tí kò bá gbà á jókòó, akọ̀wé á wá máa ka àwọn tó dìde. Àwọn obìnrin ńkọ́? Ìyá Ìjọ á kúnlẹ̀, á gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, a ó ṣe Àmín, lẹ́yìn náà a ó gba kíṣìnì lọ. Kíṣìnì! Kí a lọ dín dòdò fún àwọn olùdìbò.

Lọ́jọ́ kan mo dìde nínú ìpàdé. Mo ní kí wọ́n ka èmi náà mọ́ ọn. Mo béèrè pé ṣé orí obìnrin kì í ṣe orí ni? Kí Bàbá Alákòóso, olórí ìjọ wa, tó lanu, Rẹ̀mí ti sáré jáde láàárín wa. Ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn ọkùnrin, ó ń bẹ̀ wọ́n lórúkọ gbogbo obìnrin. Ó ní, "Ẹ̀yin baba wa, ẹ má dá a lóhùn. Tó bá ní ọmọ tó ń tọ́, kò ní ráyè ariwo."

Ṣé ẹ gbọ́? Obìnrin bíi tèmi! Ẹni tó mọ gbogbo omijé tí mo ti sun lórí ọ̀rọ̀ ọmọ, tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu nínú rẹ̀! Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ ni akọ̀wé nígbà náà, ẹ̀rín tirẹ̀ ló pẹ́ jù lọ. Mo jókòó.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi í jẹ Ìyá Ìjọ. Láti ìgbà náà kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́, ó di "Ìyá Tíṣà" bíi ti gbogbo ayé. Èmi náà kò pè é ní nǹkan kan. Bí a bá pàdé nínú U-Bahn, réluwéè abẹ́ ilẹ̀, orúkọ àwọn ibùdókọ̀ ni mo máa ń kà lára ògiri, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi ṣe ìdánwò fún mi.

Ẹ fi ìyẹn síbẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Hamburg.

Fólúkẹ́, ọmọ àbúrò ọkọ mi, ẹnjiníà ni ní èbúté Hamburg, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbé àwọn kọ̀ǹténà ńláńlá bí ẹni gbé páálí ìṣáná. Òkè ilé ìyá àgbà kan ló ń gbé, Frau Ingrid lorúkọ rẹ̀. Ìyá náà jù mí lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ ara rẹ̀ le koko. Mo lọ kí Fólúkẹ́, mo sì gbé epo pupa dání nínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ ṣáà mọ̀ pé a kì í mi apá lásán lọ kí ọmọ.

A wà ní kíṣìnì ìsàlẹ̀, mo fẹ́ rọ epo náà sínú ìgò. Mo ní kí Fólúkẹ́ bá mi wá àrọ.

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Mummy, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ o. Àrọ kì í wọ ilé yìí."

Mo ní èèwọ̀ wo nìyẹn? Ṣé òyìnbó náà ti ń ní èèwọ̀ ìdílé ni? "Epo tí mo gbé lórí ẹsẹ̀ nínú réluwéè láti Berlin, ṣé kí n máa rọ ọ́ bí afọ́jú ni?"

"Ẹ máa fi ọwọ́ rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, Mummy. Bí àwọn náà ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Ó dà sílẹ̀ kẹ̀! Mo ṣì ń nu tábìlì nígbà tí Frau Ingrid wọlé. Ó wo epo, ó wo ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé tábìlì yẹn ti mu òróró ju ènìyàn lọ.

Ẹnu tíṣà kì í gbé jẹ́ẹ́. Mo bi í léèrè. Ó fa àga, ó jókòó, ó sì fi German tó rọrùn ṣàlàyé fún mi. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, láti ìgbà náà ni orí mi ti ń wú, kò tíì wálẹ̀!

Ìyá tó bí ìyá rẹ̀, Winifred lorúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Nígbà tí wọn kò tíì gbà kí obìnrin dìbò lọ́hùn-ún, ó wà lára àwọn tó ń gbé àsíá sígboro, tó ń lọ kígbe níwájú ilé àwọn aṣòfin. Ọmọ ilé ire ni o. Bàbá rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ilé òun mọ́. Ọlọ́pàá wọ́ ọ nílẹ̀, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n, ọmọ rẹ̀ ṣì kéré nígbà náà. Nínú ẹ̀wọ̀n, ó ní òun ò ní jẹun.

Ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe fún un? Wọ́n dì í mọ́ àga. Àwọn wọ́dà obìnrin ló dì í mú lápá, tó dì í mú lẹ́sẹ̀, tó di orí rẹ̀ mú. Wọ́n ki rọ́bà gígùn bọ ihò imú rẹ̀ títí tó fi dé ikùn. Wọ́n wá ti àrọ bọ ẹnu rọ́bà náà, wọ́n sì ń rọ ẹyin tí wọ́n pò mọ́ wàrà sínú rẹ̀. Bí ẹni ń rọ epo sínú ìgò! Lónìí, lọ́la, lọ́túnla. Bí ó bá bì í, wọ́n á tún òmíràn rọ.

Mo wo ọwọ́ mi. Epo ṣì wà ní ìka mi.

Frau Ingrid ní nígbà tí Winifred darúgbó, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ní Hamburg, nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin ti fẹ́ ọkọ síbẹ̀, ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ èbúté. Winifred kì í bẹ̀rù ajá, kì í bẹ̀rù ọlọ́pàá, kì í bẹ̀rù òkùnkùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó rí àrọ lórí tábìlì, ó di ògiri mú. Ìyá Ingrid mú àrọ náà, ó sọ ọ́ síta. Láti ọjọ́ yẹn, òmíràn kò wọlé mọ́. Winifred kú, kò wọlé. Àwọn ọmọ Ingrid ti ní ilé tiwọn, kò sí àrọ níbẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń rọ òróró. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó kéré jù kò tilẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Ó ṣáà mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń rọ nǹkan nìyẹn!

Bí ìdílé kan ṣe ń rántí ìyá wọn nìyí o. Wọn ò gbẹ́ ère fún un. Òróró ló ń dà sílẹ̀.

Èmi tí mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn! Mo ti fi ẹfun kọ ọ́ sára pátákó pé àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jà títí wọ́n fi rí ẹ̀tọ́ ìdìbò gbà. Àwọn ọmọ dà á kọ, agogo lù, gbogbo wa lọ jẹun ọ̀sán. Mi ò mọ̀ pé imú ẹnì kan wà nínú gbólóhùn yẹn.

Mo béèrè ẹni tó tọ́jú ọmọ Winifred nígbà tó wà lẹ́wọ̀n. Frau Ingrid mí kanlẹ̀. Ó ní àbúrò Winifred ni, Mabel. Mabel yìí kan náà ló máa ń dìde níwájú èrò, tí á sọ pé ìbò kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin, pé ẹ̀gbọ́n òun ti dójú ti bàbá àwọn. Bó bá sọ ọ́ tán, á lọ sílé, á gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sápá, á rẹ̀ ẹ́ sùn. Nígbà tí Winifred jáde lẹ́wọ̀n, tó ti rù kan egungun, ẹ̀yìn yẹ̀rì Mabel ni ọmọ náà sá sí.

Ọkàn mi kò yà síbòmíràn, ọ̀dọ̀ Rẹ̀mí ló lọ tààrà. Mo ní, "Mabel yẹn, kí ló gbẹ̀yìn rẹ̀?" Mo fẹ́ gbọ́ pé ó jìyà. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni mo ń sọ fún yín!

Ó ní lọ́jọ́ tí Mabel fẹ́ dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wá kan ilẹ̀kùn Winifred. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ó ti dé fìlà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, òun ò sì fẹ́ kí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ fi òun ṣẹ̀sín. Ó ní kí Winifred jọ̀wọ́ bá òun lọ.

Mo ní, "Ó pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn lójú, àbí?"

Frau Ingrid wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè mi. Ó ní, "Rárá o. Ó wá fìlà tirẹ̀."

Ó wá fìlà tirẹ̀! Mo bínú sí òkú òyìnbó yẹn láti Hamburg títí réluwéè fi dé Berlin. Gbogbo ìyà yẹn, gbogbo wàrà yẹn nínú imú, kí ó wá jẹ́ fìlà ló máa wá? Mi ò lè ṣe é. Mo sọ ọ́ fún ara mi nínú ọkọ̀ pé mi ò lè ṣe é.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e ni ìpàdé ìjọ. Vermieter, ẹni tó ni gbọ̀ngàn wa, fẹ́ mọ̀ bóyá a ó dúró tàbí a ó kó jáde, ọjọ́ Ajé ló sì fẹ́ gbọ́ èsì. Àwọn ọkùnrin ti rí ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́yìn ìlú. Wọ́n ní ààyè ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ta ló ni ọkọ̀? Àwọn ni! U-Bahn kì í dé ibẹ̀, bọ́ọ̀sì ibẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Àwọn obìnrin tó ń jí lọ tọ́jú aláìsàn, àwọn tó ń gbé ọmọ pọ̀n, èmi tí ìbàdí ń dùn, báwo la ó ṣe dé ibẹ̀? Bí wọ́n bá kó lọ, orí fóònù ni n ó ti máa wo ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí títí n ó fi kú.

Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, a ti wà ní kíṣìnì. Àwọn kan ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Rẹ̀mí kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń rọ sóbò sínú ìgò. Kí ló fi ń rọ ọ́? Àrọ! Ẹ̀mí wo ló wá ní kí n dákẹ́? Mo sọ gbogbo ìtàn Winifred fún àwọn obìnrin.

Ìyá Sámúẹ́lì di imú ara rẹ̀ mú. "Gba imú kẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

Aṣàkẹ́, apanilẹ́rìn-ín wa, ní, "Èmi ì bá ti jẹun ní tèmi o! Ìyá Tíṣà, ẹ gbé ìbò sí ọ̀tún, ẹ gbé dòdò sí òsì, òsì ni n ó yà sí."

Mo ní, "Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó wa wá síbí."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ èyí tó wà nínú mi. Mo ní kì í ṣe ọkùnrin ló di Winifred mú lórí àga o, obìnrin bíi tirẹ̀ ni. Mo ní irú wọn ṣì pọ̀ láyé, òmíràn tilẹ̀ ń jẹ oyè lórí rẹ̀. Mo ní láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú tí mọ́tò sì ti lọ, àwọn náà ti ń wọ U-Bahn.

Gbogbo wọn mọ̀ pé Rẹ̀mí ni mò ń bá wí, opó ni òun náà. Rẹ̀mí kò yíjú padà. Ó yọ àrọ kúrò lẹ́nu ìgò, ó gbé e sínú síǹkì. Ó wá ń fi ọwọ́ rọ èyí tó kù. Sóbò dà sí i láyà, ó pọ́n rókíróki lára sùtánà funfun. Kò nù ún.

Nígbà náà ni wọ́n lu agogo ìpàdé.

Bàbá Alákòóso ní kí Ìyá Ìjọ gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Rẹ̀mí bọ́ síwájú pẹ̀lú àbààwọ́n láyà, ó kúnlẹ̀, gbogbo àwa obìnrin kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúpẹ́ fún ẹ̀mí. Ó dúpẹ́ fún ìwé ìgbélùú. Àwọn ọkùnrin ṣe Àmín. Ó kù kó fi orúkọ Jésù pa á dé, kí a sì máa lọ dín dòdò.

Kò pa á dé.

Ó ní, "Olúwa, ìwọ tí o dá obìnrin, ṣé o dá a pẹ̀lú orí àbí o dá a láìní orí?"

Mo la ojú. Ẹ dákun, ta ló kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè yẹn nínú ìjọ yìí?

Bàbá Alákòóso ṣe "Àmín!" tó nípọn, irú èyí tí a fi ń lé àlejò. Rẹ̀mí ò gbọ́. Ó ní, "Olúwa, a ò ní dìde níwájú rẹ títí àwọn baba wa á fi gbà kí a dìde níwájú wọn." Ó sì ń bá a lọ. Nígbà tí ohùn rẹ̀ há, Ìyá Sámúẹ́lì gbà á. Nígbà tí tirẹ̀ há, Aṣàkẹ́ gbà á, Aṣàkẹ́ olórí dòdò! Bí ohùn Rẹ̀mí bá padà, á tún gbà á.

Kí làwọn ọkùnrin lè ṣe? Ẹ̀yin aláṣọ funfun, ẹ ti mọ̀. A kì í gé àdúrà ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀! Bàbá Alákòóso fúnra rẹ̀ ló máa ń wàásù pé ẹni tó bá gé àdúrà gé ìbùkún ara rẹ̀. Ó ti ní kí ọkùnrin kan lọ kúnlẹ̀ síta rí nítorí pé fóònù rẹ̀ dún. Ta ni yóò wá ní kí Ìyá Ìjọ panu mọ́? Òun náà kò kúkú lè jókòó, nítorí àdúrà kò tíì parí. Gbogbo àwọn baba dúró lórí ilẹ̀ tútù láìwọ bàtà, wọ́n ń pààrọ̀ ẹsẹ̀ bí adìyẹ.

Àwọn ará Ghana tó máa ń lo gbọ̀ngàn lẹ́yìn wa ti dé sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú gìtá. Wọ́n wo inú, wọ́n rí ohun tó ń lọ, àwọn obìnrin wọn sì kúnlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n bá wa gbà á ní Twi, èdè wọn!

Èmi ò gbàdúrà kankan. Mo ń wo ẹ̀yìn Rẹ̀mí. Bó ṣe kúnlẹ̀ níjọ́sí náà ló ṣe kúnlẹ̀. Ara kan náà, orúnkún kan náà. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí gidi.

Nígbà tó yá, Bàbá Alákòóso na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ní, "Ó tó! Kí wọ́n dìbò! Kí wọ́n dìbò, ẹ ṣe Àmín, ẹ jọ̀wọ́!"

Rẹ̀mí ní, "Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa."

Ẹ ò gbọ́ Àmín bẹ́ẹ̀ rí láyé yín.

Ní kúkúrú, a ṣì wà ní Tempelhof. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, U-Bahn ni mo wọ̀ lọ, mo sì jókòó síbi tí mo máa ń jókòó. Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, akọ̀wé kà mí. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi nígbà tó kọjá níwájú mi tó pe iye tó kàn mí. Mo ti ń retí iye yẹn láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo kọ́? Ẹ má retí pé kí n sọ pé ẹ dárí ji gbogbo ènìyàn. Mi ò tíì dárí jì í tán, ẹ̀wù òtútù mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó dì ọ́ mú lórí àga lánàá lè kan ilẹ̀kùn rẹ lónìí, ìwọ nìkan lo sì mọ ibi tí fìlà rẹ wà. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni Mabel tiyín? Kí ni wọn kì í lò nílé yín nítorí ohun tí ojú ìyá àgbà yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo máa ń ka gbogbo rẹ̀, títí kan èébú.

Ó ku nǹkan kan tí mi ò tíì sọ. Nígbà tí Bàbá Alákòóso ní kí ẹni tó bá fẹ́ ká dúró sí Tempelhof dìde, gbogbo obìnrin dìde, èmi náà di àga mú, mo dìde. Rẹ̀mí nìkan ló ṣẹ́ kù nílẹ̀. Ó ti pẹ́ jù lórí ìkúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ ti kú. Akọ̀wé sì ti ń kà bọ̀ láti ẹ̀yìn, ẹni tó bá dìde nìkan ló ń kà. Rẹ̀mí wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá gbójú sókè wò mí. Mo tún fìlà sùtánà mi ṣe lórí. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà mí dìde. Akọ̀wé ti ń bọ̀, mi ò fẹ́ kó bá mi lórí ìkúnlẹ̀ mọ́."